Ìṣó Mẹ́ta ní Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Làmídì

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà tàbí ní Amẹ́ríkà, àtàǹpàkò lásán lẹ fi ń béèrè, ìdáhùn á sì jáde kí ẹ tó gbé omi mì. N kò bínú sí i. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ná ènìyàn ní wàhálà, ènìyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tiwa, ọ̀rọ̀ á la òkun kọjá, á la aṣálẹ̀ kọjá, á máa súfèé, á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, kó tó dé Agége. Tó bá sì dé, a kì í gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Ara ìṣó la kọ́kọ́ ń fi í kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ayé ìjọba ológun ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo ti sin ilẹ̀ bàbá mi tán, iṣẹ́ kò sí. Ṣáájú ìgbà yẹn, fèrè ilé-iṣẹ́ ni aago wa. Ti Orégùn á dún, ti Ìkẹjà á dá a lóhùn, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa wọ́ lọ lójú títì bí omi. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan wà tí òórùn rẹ̀ máa ń mú kí ebi pa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Nígbà tó yá, àwọn fèrè náà ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ń kéde rẹ̀. O kàn máa jí lọ́jọ́ kan, wàá rí i pé o kò gbọ́ ti apá ibì kan mọ́. Àwọn kan sọ pé SAP ló fà á, àwọn kan ní àìsàn náà ti wà lára tẹ́lẹ̀. Èmi kò lè dájọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fèrè dákẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Agége ni ṣọ́ọ̀bù Alhaji Làmídì wà. Káfíńtà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn gíga tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Òyìnbó kan tó ń kó kúrò ní GRA Ìkẹjà ló fún un ní rédíò ńlá kan, nítorí pé ó bá a kan àpótí ìkẹ́rù rẹ̀ dáadáa. Rédíò yẹn lè gbé ohùn láti ìlú tó jìn jùlọ. A so wáyà mọ́ orí rẹ̀, a fà á gba ojú fèrèsé jáde, a so ìdí rẹ̀ mọ́ igi máńgòrò. Bí iná mànàmáná bá lọ, bátìrì la ń lò, bí bátìrì bá sì kú, a ó tò ó sórí páànù kí oòrùn pa á, á tún jí fún wákàtí díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣiṣẹ́.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ kan tí rédíò Rọ́ṣíà kò ṣe é gbọ́ mọ́. A yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì. Alhaji ní bóyá ogun ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Sànyà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀, ní àwọn Amẹ́ríkà ló ń dí wọn lọ́nà. Àlàyé yẹn dùn létí. Nígbà tí a jáde síta, a rí i pé ìyàwó Alhaji ti sá gbogbo aṣọ ọmọ ọwọ́ tó fọ̀ sórí wáyà náà.

"Amẹ́ríkà nìyẹn," ni Alhaji wí, ó ń ká aṣọ. "Bàbá Sànyà, ẹ wá bá wọn jà."

Ẹ ó béèrè pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òkè òkun. Ọ̀rọ̀ ilé la ń wá. Àwọn sójà ń ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, rédíò ilé kò sì lè sọ ju ohun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìkẹjà tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà, àfi kó yà lọ sí Yúróòpù lọ béèrè. Mo mọ̀ pé kò bójú mu, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fún wọn. N kò ṣe é dáadáa. Bí rédíò bá sọ gbólóhùn kan, èmi á fi márùn-ún ṣàlàyé rẹ̀, títí Bàbá Sànyà fi sọ pé, "Gírádúéètì, a ní kó o túmọ̀, o ń wàásù." Mọ́rẹ́nikẹ́ ló gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan ni, ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Orégùn ló ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá wọn dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa wo aṣọ bó ṣe ń kọjá níwájú rẹ̀, kó sì máa fa ibi tó bá ní àbùkù yọ. Bó ṣe ń wo aṣọ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́wàá ló kà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ́. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, á di ojú, á sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń bọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni Alhaji fún un: "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o sọ. Bó bá dùn, bó bá korò, má fi ẹnu ara rẹ kún un."

Ní ti àwọn ìṣó, ìtìjú ló bí wọn. Àwọn yunifásítì wà ní títì nígbà kan. Rédíò kan láti Yúróòpù sọ pé wọn ó ṣí wọn lọ́jọ́ Ajé. Alhaji gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí ọmọ rẹ̀ di ẹrù. Ọmọ náà rin ìrìn-àjò dé ẹnu géètì, ó bá sójà níbẹ̀. Wọ́n ní kó fi orí gbé àpótí rẹ̀, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó padà dé, ojú ti Alhaji. Ó mú hámà, ó kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, tí rédíò kan bá sọ ohun kan, a ó kọ ọ́ sára páálí kékeré, a ó fi kọ́ ìṣó àkọ́kọ́. Tí rédíò ìlú mìíràn bá tún sọ ọ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ti àkọ́kọ́, a ó gbé e lọ sórí ìkejì. Tí ẹni tó fojú rí i bá wá láti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó di ti ìṣó kẹta. Ìgbà yẹn la tó lè gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ gbọ́ o, a kò kórìíra àwọn rédíò náà. Gbogbo wọn ló ń ṣe wá lóore. Ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn, wọn á fi kàlẹ́ńdà ránṣẹ́, wọn á fi fìlà àti bíírò ránṣẹ́. Ara ògiri Alhaji kún fún òkè yìnyín, ọgbà òdòdó Ṣáínà àti afárá Jámánì. Ìyàwó rẹ̀ wo yìnyín yẹn títí, ó ní, "Ta ló tú òwú sílẹ̀ báyìí tí kò kó o?" Ọkọ̀ sinimá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan tún máa ń wá sí pápá ilé-ìwé. Lọ́dún kan, wíwá wọn bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Alhaji lọ bá wọn, ó ní, "Ẹ fẹ́ ká máa wo oúnjẹ òyìnbó lórí aṣọ funfun, pẹ̀lú ebi nínú?" Wọ́n dúró títí a fi ṣínu. Àwọn náà bá wa mu ògì.

Ṣùgbọ́n ìjọba kan kì í máa bá ará Agége sọ̀rọ̀ tọ̀sántòru nítorí pé ó fẹ́ràn Alhaji Làmídì. Ohun kan ló ń wá: kí a ro tirẹ̀ ní rere, kí a ra ọjà rẹ̀, kí a má fara mọ́ ọ̀tá rẹ̀. N kò sọ pé ó burú. Ọlọ́jà gbogbo ló ń pọ́n ọjà ara rẹ̀. Ó kàn yẹ kí oníbàárà mọ̀ pé ọjà lòun wà.

Nígbà náà ni ìkéde kan wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, Mọ́rẹ́nikẹ́ ń túmọ̀ lọ́wọ́. Rédíò Yúróòpù tó sọ ọ̀rọ̀ yunifásítì yẹn ní àwọn ń rán ènìyàn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti bẹ àwọn ẹgbẹ́ olùgbọ́ bíi tiwa wò, kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Wọn á gba ohùn sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n bá bẹ̀ wò, wọn á mú ọ̀dọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò fún oṣù díẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ kò yí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí pákó.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, mo fẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ lọ sí òkè òkun. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé wa ní Orégùn, ibi rédíò yẹn nìkan ni mo ti ń rí ara mi bí ènìyàn."

Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa kọ̀wé.

"Ẹ kọ tiwa," ló dáhùn. "Ẹ kọ bí a ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ẹ má fi nǹkan kún un."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ nípa àwọn ìṣó, mo ka lẹ́tà náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́, Alhaji náà sì gbọ́ ọ. Oṣù mélòó kan kọjá kí èsì tó dé. Òyìnbó náà ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa dé, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti lọ pàdé rẹ̀ ní Ìkẹjà láti mú un wá. Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti da omi sí i kí eruku má baà sọ. Alhaji wọ agbádá. Ó ti ká kàlẹ́ńdà Ṣáínà, ó ti ká ti Jámánì, ó ti ká ti Rọ́ṣíà àti ti Amẹ́ríkà. Kàlẹ́ńdà àwọn tó ń bọ̀ nìkan ló kù lára ògiri, ó wà láàárín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìṣó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti fi hámà fà wọ́n yọ.

Mo ní, "Alhaji, ohun tí ọkùnrin yìí tìtorí rẹ̀ ń bọ̀ lẹ fà yọ yìí."

"Ìwọ dákẹ́," ni Alhaji wí. "Ohun tí ènìyàn kọ sínú ìwé lọ́tọ̀, ohun tí a fi ń pàdé àlejò lójú lọ́tọ̀. Ṣé wàá pe ìyàwó tuntun wọlé, kó o gbé fọ́tò àwọn àlè rẹ kọ́ ara ògiri?"

Bàbá Sànyà ní, "Òótọ́ ni. Ìwé ti pọ̀ jù lórí ọmọ yìí. Àlejò kì í wọlé kó bá àpẹẹrẹ irọ́ tó pa lára ògiri onílé."

Ẹ má dá wọn lẹ́bi kíákíá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ẹni tó rin ọ̀nà jíjìn wá kí ọ, a kì í mú un tijú. Bí ọbẹ̀ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ dùn, wàá ní ó dùn.

Wọ́n dé. Òyìnbó náà kò dàgbà, ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kọ́ èjìká, òógùn bò ó. Mo ń wo ojú Mọ́rẹ́nikẹ́ bó ṣe wọlé. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó tún wo ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó sì dúró sí ipò rẹ̀ láàárín Alhaji àti àlejò.

Òyìnbó náà na gbohùngbohùn sí Alhaji. Ó béèrè rédíò mìíràn tí a ń gbọ́, àti bí a ṣe ń mọ ẹni tí a ó gbàgbọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Alhaji tún agbádá ṣe. "Sọ fún un pé kò sí ẹlòmíràn. Ohùn wọn nìkan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù yìí. Ohun tí wọ́n bá ti sọ, abẹ gé e. A kì í yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá Sànyà rọra sọ ọ́ sí Mọ́rẹ́nikẹ́ létí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ: "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tún un ṣe díẹ̀, ọmọ mi, kó lè bá lẹ́tà yín mu. Kò gbọ́ Yorùbá."

Ìdánwò nìyẹn. Ó lè sọ ohun tó bá wù ú ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi nìkan ni mo lè mọ̀, n kò sì ní tú u fó. Ó lè fi ohun tí òyìnbó náà fẹ́ gbọ́ sí Alhaji lẹ́nu, kí gbogbo ènìyàn lọ sílé láyọ̀. Ṣùgbọ́n ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe, ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ Alhaji, láìyọ ẹyọ kan, láìfi ẹyọ kan kún un.

Ojú òyìnbó náà yí padà. Kò bínú, ó dà bí ẹni tó rìn jìnnà lọ ra nǹkan tó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó ní ohun kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ tí òun ti bẹ̀ wò ń sọ. Ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Alhaji. "Alhaji, mo ti jẹ́ iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe rán mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ tèmi."

Bàbá Sànyà ní, "Ọmọ yìí, dìde ńbẹ̀!"

Alhaji wò ó. "Ṣé o fẹ́ sọ níwájú àlejò pé mo purọ́ ni?"

"Rárá o, sà. Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣe àlejò. Ẹ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, ohun tí kì í ṣe tiwa ni ọkùnrin yìí máa gbé lọ. N kò sì ní lè lọ síbi tí mo fẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n má sọ, n kò ní sọ."

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lásìkò náà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, nítorí wọn kò ní gbọ́ ọ. Gbogbo wa dúró. Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, kò gbójú sókè, kò sì sún kúrò. Kẹ̀kẹ́ irin ń lọ, pákó ń gbọ̀n lára ògiri. Ọkọ̀ ojú irin yẹn gùn lójú mi ju bó ṣe gùn lọ.

Nígbà tó kọjá tán, Alhaji ní, "Sọ ọ́."

Ó dìde, ó sì sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ ti rédíò. "Mo ní ohun tí bàbá wa sọ, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, torí wọ́n gbà yín lálejò. Mo ní rédíò ilẹ̀ márùn-ún là ń gbọ́. Mo ní ìṣó mẹ́ta wà lára ògiri yẹn títí di àárọ̀ yìí. Mo ní ẹ sọ fún wa rí pé wọ́n ń ṣí yunifásítì, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé yìí ló jìyà rẹ̀. Mo ní a ṣì ń gbọ́ yín, torí pé ẹ máa ń jàre ju bí ẹ ṣe ń jẹ̀bi lọ. Ìyẹn ni iyì tí a ní fún yín, a kò ní èyí tó jù ú lọ."

Bàbá Sànyà fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Òyìnbó náà wo ògiri, ó rí ihò mẹ́ta. Ó béèrè bóyá wọ́n lè dá àwọn ìṣó náà padà.

Inú agolo mílíìkì ni Alhaji ti kó wọn jáde. Ó bọ́ agbádá, ó mú hámà. "Kí ó súnmọ́ ibí," ló wí, "bí ó bá fẹ́ gbohùn, kó gba èyí tó dára." Ó sì ń kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òyìnbó náà ń gba ìró rẹ̀ sílẹ̀.

A gbọ́ ètò náà lórí afẹ́fẹ́ nígbà tó yá. Wọn kò yọ nǹkan kan. Ohùn Alhaji ló kọ́kọ́ jáde, "abẹ gé e," tòun ti ìtumọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn Mọ́rẹ́nikẹ́, lẹ́yìn náà ìró hámà. Odidi ọ̀sẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò fi ń kí Alhaji ní "Abẹ Gé E." Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ìlú wo ló ti gbọ́ ohùn tiyín?"

Wọ́n mú Mọ́rẹ́nikẹ́. N kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òótọ́ tó sọ ló mú kí wọ́n mú un. Òtítọ́ dọ́jà, ó máa ń kùtà. Ó lè jẹ́ ohùn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Ó sì lè jẹ́ pé ìjọba wọn fẹ́ fi han ayé pé àwọn gba ìbáwí, ìyẹn náà sì jẹ́ ọ̀nà ìpolówó. Mo ti rò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó dá mi lójú ni pé ká ní ó dákẹ́ ni, wáyà yẹn ì bá ti wà nínú àpò, ọkùnrin náà ì bá ti lọ.

Físà, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú wọn, fún un ní wàhálà. Rédíò wọn ní kó wá, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn ní kó padà. Ó lọ, wọ́n ní kó lọ mú ìwé kan wá. Ó mú un wá, wọ́n ní òmíràn ló kù. Kò bínú, kò sì ṣíwọ́. Ó ní iṣẹ́ tí òun ṣe ní Orégùn nìyẹn, kí aṣọ máa kọjá, kí òun máa wò ó títí yóò fi tán. Wọ́n fún un nígbẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ní kò ní padà wá, torí pé ẹni tó bá rí ọ̀nà lásìkò yẹn, ó lọ nìyẹn. Ó padà wá. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Mo rántí ọjọ́ tó lọ. Ó wá kí wa ní ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, ó wọ bàtà tuntun tó ń há a lẹ́sẹ̀. Alhaji ṣàdúrà fún un, Bàbá Sànyà ṣe tirẹ̀ ní orúkọ Jésù, wọ́n sì ń bá ara wọn díje tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ dé pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí àmín tán, Alhaji kò tíì jẹ́ kó lọ.

"Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè nípa wa lọ́hùn-ún, kí lo máa sọ?"

"Màá sọ bó ṣe rí, sà."

"Títí kan ọjọ́ tí mo purọ́ fún òyìnbó?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. "Títí kan ìyẹn, Alhaji."

Alhaji fa pẹ́ńsùlù yọ létí, ó wò ó, ó tún dá a padà. "Ó dáa," ló wí. "Máa lọ."